Páálí Ràgàjì fún Bátìrì Etí

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Ọ̀gbẹ́ni Joshua Adéníran fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè Yorùbá kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Glory, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò sì lè kí èèyàn "ẹ káàárọ̀" kó má fi òyìnbó parí ẹ̀. Ẹ má bi mí léèrè ẹni tó fà á. Jennifer, ìyá ọmọ náà, tí bàbá rẹ̀ fi àlọ́ àti òwe tọ́ dàgbà, ti kó lọ sí Yàbá, ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì gbà pé Yorùbá á kàn wọ ọmọ òun lára fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ìdí nìyí tí inú Bàbá fi dùn kọjá àlà nígbà tó gbọ́ pé Glory máa ka Sáàmù kọkànlélọ́gọ́fà láìwòwé lọ́jọ́ àjọ̀dún àwọn ọmọdé, ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n ń lọ ní Sùúrùlérè. Ẹsẹ mẹ́jọ gbáko, ní Yorùbá! Lucy, olùkọ́ àwọn ọmọdé, ti fi oṣù méjì kọ́ ọ, wọn ò sì jẹ́ kí Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀, kó lè bá a lójijì. Bàbá ti yan aṣọ, ó ti kun bàtà, kò sì sí ẹnì kan ní àdúgbò tí kò tíì ròyìn fún. Ohun kan ṣoṣo ló kù, ìyẹn náà ni etí.

Etí Bàbá ti ń ṣe tinú ẹ̀ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi sétí ọ̀tún ló ń bá a gbọ́ràn, bátìrì tí ẹ̀rọ náà ń lò kò sì tó bọ́tìnnì ẹ̀wù. Bí kò bá sí bátìrì, àfi kéèyàn pariwo mọ́ ọn létí, ìyẹn náà bí orí bá bá a ṣe é. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún gan-an ni bátìrì kan ṣoṣo tó kù fún un kú. Bàbá wá a dé Ojúẹlẹ́gbà, kò rí. Jennifer ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé òun ti rí i rà lórí fóònù lọ́wọ́ ilé ìtajà kan ní Yàbá, wọ́n á gbé e délé lọ́jọ́ Sátidé.

Wọ́n gbé e dé lóòótọ́. Habeeb ọlọ́kadà sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu géètì, páálí kan báyìí tí èèyàn lè kó àwo oúnjẹ gbogbo ilé sí.

"Daddy, ẹ kú ọ̀sán o. Ẹrù yín rèé. Ẹ rọra gbé e o, wọ́n ní ó lè fọ́."

Bàbá kò gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n ó rí páálí. Ó wo páálí, ó tún wo ẹ̀yìn ọ̀kadà bóyá bátìrì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹni tó di páálí yìí, àfi bíi pé olè ti jà á rí. Ó yí téèpù ká a lọ́nà mẹ́fà, ó fi ọ̀rá dúdú wé e, ó tún yí téèpù lé ọ̀rá lórí. Bàbá gbé ọ̀bẹ ìdáná dání, ó sì dojú ìjà kọ ọ́ láàárín pálọ̀. Nígbà tó já téèpù tán, páálí mìíràn ló wà nínú páálí, ìwé tí wọ́n rún ló kún àárín méjèèjì, wọ́n sì fi ọ̀rá tó kún fún afẹ́fẹ́ tẹ́ ìsàlẹ̀ bíi tìmùtìmù.

"Ewé ẹ̀kọ kì í tóbi ju ẹ̀kọ lọ," ni Bàbá ń kùn. "Ta ló kọ́ àwọn wọ̀nyí nílé ìwé?"

"Bàbá Jennifer, ẹ má fọ̀bẹ ya páálí yẹn o!" Christianah, ìyàwó rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì bíi tiẹ̀, ti sáré jáde láti ilé ìdáná. "Páálí tó dáa báyìí!"

Nínú ilé yìí, wọn kì í ju ohunkóhun tó bá ti gbé nǹkan wá rí nù. Ata ló wà nínú ike áísìkiriìmù, òwú àti abẹ́rẹ́ ló wà nínú agolo bísíkíìtì. Ẹ má ṣe bí ẹni pé kò sí irú ẹ̀ nílé yín. Bí Bàbá ṣe ń tú u ni Màmá ń gbà á: ó ká ọ̀rá, ó na ìwé, ó tẹ́ páálí pẹlẹbẹ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Nínú páálí kejì, wọ́n bá àpò aṣọ kan tí orúkọ ilé ìtajà wà lára ẹ̀, súìtì méjì, àti káàdì tó nípọn ju ìwé ìpè ìgbéyàwó lọ. Bàbá wọ gíláàsì, ó kà á. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn ayé yìí gan-an, àwọn sì ti pinnu láti dín ìdọ̀tí kù nídìí ẹrù dídì. Wọ́n wá fi ọ̀rá wé káàdì náà, kí ìdọ̀tí má baà kan ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí.

Lábẹ́ káàdì ni àpótí kékeré kan wà, aláwọ̀ wáìnì, tí wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù dì. Wọ́n fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ ọ́ sí i lára pé ẹ̀bùn ayọ̀ nìyí fún ọ. Bẹ́ẹ̀, ilé ìtajà tí à ń wí yìí, bó o bá ra oògùn eku lọ́wọ́ wọn, ẹ̀bùn ayọ̀ ni wọ́n máa pè é.

Màmá gbé e sókè, ó pariwo mọ́ ọkọ rẹ̀ létí. "Bàbá Jennifer! Wọ́n fi èènì sí i fún wa!"

"Gbé e kúrò níwájú mi jàre, Ìyá Jennifer. Bátìrì ni mò ń wá."

Ẹ̀yin ti mọ ibi tí bátìrì wà. Tíṣà méjì tó ti fẹ̀yìn tì kò mọ̀. Ẹ má tíì bú wọn ṣá, nítorí ta ló ń fi aṣọ ìyàwó wọ bátìrì?

Màmá ní àyè kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó jẹ́ ti ẹ̀bùn tí a kò tú. Òfin ibẹ̀ rọrùn: ẹ̀bùn tí o kò bá tíì tú, o lè fún ẹlòmíràn. Táwẹ́ẹ̀lì kan wà tó ti inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn jáde, tó yí Sùúrùlérè po, tó sì padà wá bá a lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n fi wé e níjọ́ àkọ́kọ́. Ó gbé àpótí aláwọ̀ wáìnì síbẹ̀. Lucy ló máa fún lọ́la, ọmọ náà ṣe wàhálà púpọ̀ lórí Glory.

Bàbá gbọn gbogbo ìwé, ó yí àpò aṣọ sódì, ó fọwọ́ tẹ ọ̀rá afẹ́fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rí nǹkan kan. Màmá pe Jennifer, Jennifer kọ̀wé sí ilé ìtajà, ilé ìtajà sì dá a lóhùn kíákíá pé àwọn máa dá a lóhùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìjókòó iwájú ni Bàbá jókòó sí. Àlùfáà ti fòfin de fóònù nínú ìsìn, nítorí náà kò sẹ́ni tó gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Glory jáde nínú aṣọ funfun, ó tẹríba, ó la ẹnu. Bàbá tẹjú mọ́ ètè ọmọ náà. Láti kékeré ló ti mọ Sáàmù yẹn, ó rò pé òun lè máa bá a lọ, ṣùgbọ́n kò mọ ẹsẹ tó dé, kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá Yorùbá ló ń sọ. Lójijì, gbogbo ìjọ dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ìyá àgbà kan ń nu ojú. Bàbá náà dìde, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn tí àwọn tó kù ti fẹ́ẹ̀ ṣe tán. Inú ẹ̀ bàjẹ́ gan-an.

Lẹ́yìn ìsìn, Màmá gbé ẹ̀bùn fún Lucy. Lucy kúnlẹ̀ gbà á. Bàbá fúnra rẹ̀ gbé ọwọ́ lé àpótí náà, ó sì súre fún un.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, lẹ́yìn tí ilé ìwé jáde, Glory wà lọ́dọ̀ wọn bó ṣe máa ń wà títí ìyá rẹ̀ á fi ṣíwọ́. Lucy wọlé pẹ̀lú àpótí lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti wú.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ sọ fún mi."

"Ṣẹ̀ wá kẹ̀? Kí ló dé?"

"Mo tú ẹ̀bùn yín láàárọ̀ yìí, mà. Mo bá fóòmù, mo bá páálí mí-ìn, mo wá bá bátìrì etí níbẹ̀. Mo ní ha, àrokò rèé. Wọ́n ń sọ fún mi pé mi ò létí ìgbọ́ràn. Mo ti ń rò ó látàárọ̀, mà. Àbí torí pé ẹ ní kí n fún Glory ní ẹsẹ mẹ́rin, tí mo fún un ní mẹ́jọ?"

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá kò gbọ́ nǹkan kan nínú gbogbo àlàyé yìí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ríran dáadáa. Ó já bátìrì gbà lọ́wọ́ Lucy, ó fi í sínú ẹ̀rọ, ó sì ti ẹ̀rọ bọ etí. Ó gbọ́ fáànù, ó gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ó sì gbọ́ ìyàwó rẹ̀ tó ń bẹ Lucy pé kó jọ̀ọ́, kó má ju àpótí yẹn nù.

Bàbá pa tẹlifíṣàn tí Glory ń wò. Ó gbé àga súnmọ́ ọmọ náà, ó jókòó, ó tẹ́ etí ọ̀tún sí i.

"Glory, ọmọ mi, etí bàbá ti là. Ka Sáàmù rẹ fún mi."

Glory wo Lucy, ó wo àjà. Ó la ẹnu, ó sì pa á dé. Lucy rọra bá a fa ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó tún bá a fa èkejì. Àwa tá a ti kọ́ ọmọdé rí mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá há sórí nítorí ọjọ́ kan, kì í sábà kọjá ọjọ́ náà.

"Grandpa, I've forgotten it."

Bàbá gbọ́ ọ ketekete.