Òun Gan-an La Rí

"Òun gan-an ni! Ìṣojú mi báyìí ló ti já báàgì Mà gbà!"

Jídé, olórí kíláàsì, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń wọ́ bàbá kan bọ̀ wá sínú kíláàsì, wọ́n ti fa ẹ̀wù rẹ̀ ya. Fìlà pupa bàbá náà wà lọ́wọ́ Jídé. "Ẹ̀rí rèé," ó ní, àfi bíi pé ó ti di lọ́yà.

Ẹnu Dókítà Moyọ̀sọ́lá Ọlápàdé kò lè padé. Òun ló ń kọ́ wọn ní òfin ìwà ọ̀daràn níléèwé gíga wọn ní Yábàá, òun náà ló sì ṣètò olè. Ó fẹ́ mọ bí ojú ẹlẹ́rìí ṣe ń rí nǹkan sí, ló bá ní kí Kelvin, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dé fìlà pupa, kó já wọ kíláàsì, kó gbé báàgì òun sá lọ. Ó rò pé wọ́n á jókòó kọ ohun tí wọ́n rí. Ta ní ń jókòó tí wọ́n bá ti ké "Olè!" ní Yábàá? Gbogbo kíláàsì ló tú jáde.

Bàbá Sàlíhù tó ń tún fáànù ṣe nínú ọgbà ni wọ́n wá mú yìí.

"Mà, ẹ bá mi sọ fún wọn," ni bàbá náà ń bẹ̀bẹ̀. "Ṣebí ẹ mọ̀ mí."

Ó yẹ kí Moyọ̀sọ́lá sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí ti ń dùn mọ́ ọn. "Ó dá yín lójú?" ó bi wọ́n.

"Ó dá wa lójú!"

"Mo tiẹ̀ rí àpá ńlá lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀," ni Christabel fi kún un.

Ẹnìkan gbá bàbá náà létí látẹ̀yìn.

"Ó tó!" Moyọ̀sọ́lá figbe ta. "Kelvin, wọlé!"

Kelvin wọlé láti ibi tó fara pamọ́ sí, fìlà pupa tirẹ̀ lórí, báàgì lọ́wọ́. Àwọn kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó kú sí wọn lẹ́nu.

"Bàbá, eré la fi ṣe," ni Moyọ̀sọ́lá sọ.

"Ta ló sọ fún èmi pé eré ni?" Omi ti lé ròrò sójú Bàbá Sàlíhù. "Ẹ̀ ń wò mí, ẹ ò gbà mí."

Ojú ti Moyọ̀sọ́lá, ó tì í gan-an. Ó gba fìlà lọ́wọ́ Jídé, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí bàbá. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ̀bi mi ni."

Jídé náà dọ̀bálẹ̀. Christabel nìkan ló ṣì ń tẹjú mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá Sàlíhù. Kò sí àpá níbẹ̀. Ó wo ti Kelvin, kò sí níbẹ̀ náà.

"Mà," ó ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "mo rí àpá yẹn o. Ká ní kóòtù ni, ǹ bá búra."