Ìpè Méjì láti Orí Òkun

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èèyàn gbọ́dọ̀ pe Bonaventure kó tó dáhùn. Gbogbo Pobè ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí o pè é lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ lo pè. Bí o pè é lẹ́ẹ̀mejì, ara rẹ náà lo tún pè. Ìgbà tí o bá pe ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni wàá tó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé pé, "Ta nìyẹn? Wọlé o!" Àwọn àlejò rò pé adití ni. Àwọn aládùúgbò a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọgbọ̀n ọdún tó fi tún tẹlifóònù ìjọba ṣe ló ba etí rẹ̀ jẹ́.

Etí rẹ̀ kò bàjẹ́ rárá. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ní Aguidi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, oko jìnnà sí oko, ohùn ni àwọn èèyàn fi ń wá ara wọn, ìyá náà sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ohun tí kì í ṣe èèyàn kò lè peni kọjá ẹ̀ẹ̀mejì, kí wọ́n máa dúró de ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Israël, àkọ́bí rẹ̀, kò dúró. Ó wà nínú oko àgbàdo lọ́sàn-án gangan, ohùn kan pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìdí ọ̀pẹ, ó ní "Òo!", ó lọ síbẹ̀, kò bá ẹnì kankan. Ní ọjọ́ keje ni wọ́n sin ín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Bonaventure nígbà náà, òun ló ń fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lómi mu nígbà tí ara rẹ̀ ń gbóná. Ẹ má bi mí bóyá ibà ló pa á tàbí ohùn yẹn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló yóò sá.

Nígbà tí ìjọba ní kó lọ sinmi, kò lè jókòó lásán. Ó ra rédíò kan tí ń gba ọ̀rọ̀ tó sì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Kútọnu, ó na wáyà àńtẹ́nì láti orí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé sí orí igi tíìkì kan. Kò sí owó nínú rẹ̀. Ìfẹ́ lásán ló fi jókòó nínú yàrá kékeré yẹn, tó ń bá àwọn tí kò rí rí sọ̀rọ̀: ará Bàmákò, ará Pọtugí, àwọn atukọ̀ lójú òkun. Lórí afẹ́fẹ́ náà, ẹ pè é lẹ́ẹ̀mẹta ni o. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kútọnu ń pè é ní Mùsíọ̀ Ẹ̀ẹ̀mẹta, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ẹnì kan wà tí kì í ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Pacôme ni, ọmọ Marguerite, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà ní Sakété. Inú yàrá yẹn ni Pacôme ti lo gbogbo ọlidé rẹ̀ láti kékeré, "Bàbá Pobè" ló sì ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ó dàgbà, ó di awakọ̀ òfurufú. Iṣẹ́ tó yàn láàyò ni kó máa wa àwọn bààlúù kéékèèké, tí àwọn èèyàn rà ní òdìkejì òkun, wá sí Áfíríkà. Òun nìkan ṣoṣo ni. Wọn á yọ àwọn ìjókòó kúrò, wọn á to àgbá epo ẹ̀sánsì síbẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ á sì jókòó sáàárín ẹ̀sánsì fún wákàtí mẹ́rìnlá lórí omi tí kò lópin. Bí oorun bá gbé e, kò sí ẹni tí yóò jí i. Bí ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo yẹn bá dákẹ́, kò sí títì, kò sí pápá.

"Kí ló dé tí wọn ò kó o sínú ọkọ̀ ojú omi?" ni Marguerite máa ń bi í.

Pacôme a rẹ́rìn-ín. "Ìyá, Bàbá Pobè wà nídìí rédíò."

Àdéhùn wọn nìyẹn. Ní wákàtí méjì méjì, Pacôme yóò pe Bàbá Pobè lẹ́ẹ̀mẹta, yóò dárúkọ ibi tó dé. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, Bonaventure yóò tẹ àwọn ará Dakar tí ń wá bààlúù tó bá sọnù láago. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n ti ṣe é, kò sì bà jẹ́ rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan nígbà ọyẹ́, Pacôme gbéra láti Natal ní Brésil, ó ń lọ sí Dakar. Ó yẹ kó dé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó pè lẹ́ẹ̀mẹta bó ṣe yẹ, ó ní òróró ń jò lára ẹ́ńjìnì, ó ní òun á máa rọra tọ́jú rẹ̀. "Ẹ má tíì sọ fún Ìyá o." Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Aago mẹ́jọ kọjá, mẹ́wàá kọjá. Ẹ̀sánsì tó gbé kò lè kọjá ọ̀sán. Bonaventure tẹ Dakar láago títí ìka fi ń ro ó. Wọ́n ní àwọn ti rán bààlúù lọ wò ó, omi nìkan ni wọ́n rí.

Ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, eruku ọyẹ́ ti bo oòrùn, rédíò ń hó lórí tábìlì. Láti inú ariwo yẹn, ohùn kan jáde.

"Bàbá Pobè."

Orí Bonaventure wú. Ó mọ ohùn náà bó ti mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń fi agbára ohùn hàn lójú rédíò gbọ̀n díẹ̀, ohun kan sì ń ṣe yẹ́ẹ́ lẹ́yìn ohùn náà, bí ìgbà tí wọ́n ń fẹ́ ìrẹsì. Ó gbá míkírò tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí mú, ó tẹ bọ́tìnì rẹ̀, ó la ẹnu. Ni ọkàn rẹ̀ bá sọ fún un pé bààlúù tí ẹ̀sánsì rẹ̀ ti tán láti ọ̀sán kì í sọ̀rọ̀. Níbo ni ohùn yìí ti ń wá? Ó pa ẹnu dé. Ó yọ ìka kúrò lórí bọ́tìnì. Ó jókòó, ó ń dúró de ìpè kejì àti ìkẹta.

Ìpè kejì dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin. "Bàbá Pobè." Ó lọ sílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìkẹta kò dé. Ó dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin pẹ̀lú òógùn nínú ọyẹ́. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún tún ẹ̀rọ ṣe, ó yẹ kó ronú pé èèyàn lè jáde kúrò nínú bààlúù, kó sì mú rédíò kékeré dání. Ó yẹ kó rò ó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń fún Israël lómi ló jókòó sídìí rédíò lọ́jọ́ náà, kì í ṣe Mùsíọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, Marguerite dé lórí alùpùpù zémijàn láti Sakété. Wọ́n ti pè é láti Dakar. Ààrin àdúrà ló ti dìde nínú ìjọ aláṣọ funfun tó ń lọ, sùtánà rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò wọ bàtà. Ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń pè ní Fòfó láti kékeré, àwọn méjèèjì ń wo rédíò. Bonaventure ní kóun sọ tàná fún un, ó kàn ń yí bọ́tìnì rédíò.

Ní aago márùn-ún kọjá mẹ́wàá gééré, ohùn náà dé.

"Bàbá Pobè."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ariwo kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ́ gaara, àfi bíi pé ẹni náà dúró sẹ́yìn ògiri. Híhó rédíò pàápàá dákẹ́ fún un. Abẹ́rẹ́ sùn sílẹ̀, kò mira. Marguerite lọgun, ó na ọwọ́ sí míkírò. Bonaventure di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Fòfó! Ọmọ mi ni!"

"Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ò tíì dé."

"Bàbá Pobè," ni ohùn náà tún wí.

"Ṣé o ti gbàgbé Israël ni?" ni Bonaventure bi í.

Marguerite kò gbàgbé. Ìyá kan náà ló bí wọn, ìyá kan náà ló kọ́ wọn. Ó jókòó, ó fi sùtánà bo ojú, wọ́n jọ dúró de ìpè tí kò dé.

Lọ́jọ́ Àìkú, Marguerite kò lọ sí ìsìn. Ojú rẹ̀ ti gbẹ. "Bó bá pè lẹ́ẹ̀kan péré lónìí, ẹ dá a lóhùn."

"Bí kì í bá ṣe èèyàn ńkọ́?"

"Bó bá jẹ́ òkú ni, òkú ọmọ mi ni. Bó bá fẹ́ pa ẹnì kan, kó pa mí."

Ní àsìkò kan náà, ohùn dé, ó mọ́ bíi ti àná. Bonaventure tẹ bọ́tìnì. "Pacôme, mo gbọ́ ọ. Níbo lo wà?"

Ohùn náà ka nọ́ńbà ibi tó wà lórí òkun, ó kà á dáadáa, ó tún un kà. Kò kánjú, kò wúkọ́. Ó wá béèrè pé, "Ìyá wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, ọmọ mi!"

"Omi yìí tutù, Ìyá. Ẹ wá gbé mi."

Lẹ́yìn ìyẹn, híhó rédíò padà dé, ó kún yàrá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, abẹ́rẹ́ yẹn kò kúrò nídìí rẹ̀.

Bonaventure tẹ Dakar láago. Ọkọ̀ apẹja kan wà nítòsí. Ó dé ibẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Ní ibi tí nọ́ńbà náà wí gan-an ni wọ́n ti bá ọkọ̀ rọ́bà kan, Pacôme sì wà nínú rẹ̀. Ayọ̀ ti gba Bonaventure kí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ láti Dakar tó sọ̀rọ̀ tán. Ọkùnrin náà wá ní kó pẹ̀lẹ́, òkú ni wọ́n bá. Dókítà tó yẹ òkú náà wò nígbà tó dé Dakar sọ pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló kú, àyà rẹ̀ ló fọ́ nígbà tí bààlúù já lu omi. Rédíò kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi iyọ̀ ti jẹ ẹ́, bátìrì rẹ̀ ti kú pátápátá.

Bonaventure jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tó wà láàyè pè é, ó dákẹ́. Òkú pè é, ó dáhùn.

Wọ́n gbé Pacôme wá sí Sakété, wọ́n sin ín. Gbogbo ayé ń kí Bonaventure pé òun ló jẹ́ kí òkun dá òkú padà, pé ìyá ọmọ rí ibi tí yóò ti máa sunkún. Kò rí ẹni sọ ti ọjọ́ Ẹtì fún.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, Marguerite wá sí Pobè. Ó mú kàánẹ̀ kékeré kan, ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n bá lára ọmọ rẹ̀, tó fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ sí lédè Faransé. Marguerite kò mọ̀ ọ́n kà. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kà á fún mi, Fòfó. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn kà á."

Bonaventure wọ awò, ó ń kà á, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún un. Nọ́ńbà ni ó pọ̀ níbẹ̀. Òróró ń jò. Ẹ́ńjìnì dákẹ́. Mo wà nínú ọkọ̀ rọ́bà, ẹ̀rọ tó yẹ kó máa ké gbàmí fúnra rẹ̀ ti bá bààlúù lọ. Àyà ń dùn mí.

Ó ṣí ojú ewé, ó rí ìlà tó tẹ̀ lé e. Ó lè fò ó. Ta ni yóò mọ̀? Marguerite ń wo ẹnu rẹ̀.

Ó kà á. "Aago márùn-ún kọjá mẹ́wàá ní Pobè. Mo pe Bàbá Pobè. Mo gbọ́ tó tẹ bọ́tìnì, kò sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo tún pè é. Bátìrì kù fún ìpè kan ṣoṣo, mò ń tọ́jú rẹ̀ de ọkọ̀ tó bá kọjá."

"Ọjọ́ wo nìyẹn?" ni Marguerite béèrè.

"Ọjọ́ Ẹtì."

"Ẹ gbọ́ ọ lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Mo gbọ́ ọ."

Kò pariwo. "Ẹ ka èyí tó kù."

Bonaventure gbé kàánẹ̀ lé tábìlì, ó ń kà á lọ. "Mo rí ọkọ̀ kan lókèèrè, mo pè é, kò dúró. Rédíò ti kú. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ìwé yìí, kí wọ́n má bá Bàbá Pobè wí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ kí n pè é, mo sì mọ̀."

Ó tán síbẹ̀. Ó bọ́ awò, ó ń sunkún bí ọmọdé. Marguerite mú kàánẹ̀ lórí tábìlì, ó fi aṣọ wé e, ó dìde.

"Òun ló dárí jì yín, Fòfó," ó ní. "Èmi ò tíì ṣe é."