Ojú Ìwé Tí Tíṣà Kunjappan Rán Mọ́ Ìwé Pupa

Ẹ fà súnmọ́ ibí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó ní tíì lọ́wọ́, kó rọra máa mu ún. Ẹni tí kò ní, kó fara da òùngbẹ, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde lọ bu omi ní àárín ìtàn yìí. Ìtàn ìbínú ni. Mo ṣèlérí fún yín pé inú máa bí yín. Bí inú kò bá bí yín, a jẹ́ pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n sọ.

Ní Mundakkara, abúlé wa lórí òkè ní Kerala, rọ́bà ni bàbá wa, rọ́bà ni ìyá wa. Lẹ́yìn rọ́bà, ilé ìkàwé ló kù. Yàrá méjì péré ni, lábẹ́ igi máńgòrò, Tíṣà Kunjappan ló sì ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ní iléèwé. Ìwé tó bá ya, baba náà á mú abẹ́rẹ́ àti òwú, á rán an bí ẹni ń rán ojú ọgbẹ́. Ó dá àṣà kan sílẹ̀: ojú ìwé tó ṣófo lẹ́yìn gbogbo ìwé, ti àwọn tó kà á ni. Bí o bá kà á tán, wàá kọ èrò ọkàn rẹ síbẹ̀, wàá sì kọ orúkọ rẹ sí i. Àmọ́ ohun tí o bá ti kọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á rẹ́, ìwọ alára kò gbọdọ̀ pa á rẹ́. Tíṣà máa ń sọ pé, "Ẹni tó bá máa kábàámọ̀, kó yáa kábàámọ̀ kó tó mú bíírò."

Ọdún yẹn ni ìwé pupa dé. Jayadevan, oníròyìn kan láti ìlú ńlá, ló kọ ọ́, ó sì pè é ní *Ọdẹ Inú Igbó Rọ́bà*. Ọkùnrin tí ìwé náà dá lé lórí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ẹnu yìí ni mo fi ń jẹun. Awakọ̀ ni, ó máa ń ra èérún rọ́bà kiri. Ní ọdún méjìdínlógún ṣáájú kí ìwé náà tó dé, obìnrin márùn-ún ló pa ní àdúgbò wa kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kẹta nínú wọn ni Ambili, àbúrò Bhargavi. Ó fi ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin sílẹ̀, Remya, Bhargavi ló sì wò ó dàgbà.

Ẹ wá wo àwọn èèyàn wa nígbà tí ìwé náà dé! Ìwé nípa bí a ṣe ń tọ́jú ata igi ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, eruku nìkan ló ń kà á. Ṣùgbọ́n ìwé pupa, ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí orúkọ ọgbọ̀n èèyàn fi tò sílẹ̀ dè é. Ẹni tó bá gbà á, ilẹ̀ ò ní mọ́ kí àwọn tó kàn tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀: "O ò tíì parí ẹ̀ ni? Ibo lo dé? Ṣé o ti dé ibi kànga, ibi tó ń dẹ́rù bani jù?" Lissy télọ̀ kọ sẹ́yìn ìwé náà pé, "Mi ò lè gbé e sílẹ̀. Ìrẹsì mi jóná. Ó dùn ju fíìmù lọ!" Ẹlòmíràn kọ pé òun ò lè lọ sí ilé ìgbẹ́ lóun nìkan mọ́. Pappachan, tó ti ń ṣiṣẹ́ rọ́bà láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tiẹ̀ ló wá gùn jù. Ó ní, "Ẹranko ni ọkùnrin náà. Àmọ́ ká sọ òótọ́, obìnrin kẹta fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ikú."

Pappachan kan náà yìí ni ẹnu ń yún ní àárọ̀ ọjọ́ kan, níbi tí a ti ń wọn oje rọ́bà. Bhargavi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ garawa rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé lóòótọ́ ni pé tọ́ọ̀ṣì ni Ambili fi ń ṣẹ́jú sí i?"

"Sí ta ni?"

"Sí àlè ẹ̀. Ó wà nínú ìwé. Ojú ìwé àádọ́rùn-ún."

Bhargavi fi garawa sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láì wọ̀n ọ́n, ó di ilé ìkàwé.

"Tíṣà, ẹ gbé ìwé pupa wá."

"Bhargavi, jókòó ná. Orúkọ mẹ́wàá ló ṣì wà níwájú…"

"Àbúrò mi wà nínú ẹ̀, ẹ wá ní kí n tò sórí ìlà? Ṣé ẹran ni wọ́n ń pín ni?"

Baba náà na ìwé sí i. Bó ṣe ń nawọ́ gbà á, ojú rẹ̀ bọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ tó wà lórí tábìlì. Orúkọ kẹsàn-án: Remya.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Òun ló pè mí láti iléèwé nọ́ọ̀sì. Ó ní tí òun bá dé fún ọdún Onam, òun fẹ́ kà á."

Onam ku ọjọ́ méjìlá.

"Ẹ yọ orúkọ ẹ̀."

"Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Tí mo bá yọ ọ́ níbí, á rà á ní ìlú, á sì kà á níbi tí ìwọ ò sí."

Òótọ́ ni baba sọ, òótọ́ náà sì korò. Bhargavi jókòó sídìí tábìlì gígùn, ó ṣí ojú ìwé àádọ́rùn-ún. Ohun tí Jayadevan kọ nìyí: pé Ambili, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú, a máa yọ́ jáde nílé ní aago mẹ́ta òwúrọ̀ nígbà tí gbogbo ayé ń sùn. Pé ó máa ń de tọ́ọ̀ṣì mọ́ orí, iná rẹ̀ á máa ṣẹ́jú láàárín igi, àmì tí olólùfẹ́ rẹ̀ ń retí nìyẹn. Pé lọ́jọ́ kan, ẹlòmíràn ló rí iná náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bóyá ẹ ò tíì gbé ibi tí rọ́bà wà rí. Oòrùn ni ọ̀tá rọ́bà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí ara igi ṣì tutù, la máa ń fi ọ̀bẹ sá èèpo rẹ̀ kí oje máa kán sínú igbá àgbọn. Bí oòrùn bá yọ, oje á dì, ó parí. Nítorí náà aago mẹ́ta la ń jáde, gbogbo wa, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lórí bíi ọdẹ. Ìyá mi jáde bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún. Ará ìlú ni Jayadevan, kò mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ńkọ́? Bhargavi ṣí ẹ̀yìn ìwé, ó ka ohun tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ kọ, orúkọ kan tẹ̀ lé òmíràn. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó sọ pé irọ́ ni. Wọ́n padà dé láti ìdí igi, tọ́ọ̀ṣì ṣì wà lórí wọn, wọ́n jókòó, wọ́n ka irọ́ náà, wọ́n ní ó dùn.

Kò sunkún. Ó pa ìwé náà dé, ó ní, "Tíṣà, òǹkọ̀wé tí ẹ pè wá bá wa sọ̀rọ̀ yìí, ìgbà wo ló ń bọ̀?"

"Ọjọ́ Àìkú. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́."

"Ó dáa."

Lọ́jọ́ Àìkú, ilé ìkàwé kún débi pé wọ́n gun fèrèsé. Wọ́n din ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n po tíì. Jayadevan wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun ò sùn dáadáa fún ọdún méjì tí òun fi kọ ìwé náà. Àwọn èèyàn mi orí. Pappachan nawọ́.

"Ọ̀gá, ibi kànga yẹn, ṣé bó ṣe rí gan-an nìyẹn, àbí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òǹkọ̀wé náà rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni Bhargavi ti dìde láti ẹ̀yìn. Wọ́n là fún un bí omi ṣe ń là fún òkúta. Ó mú tọ́ọ̀ṣì orí kan jáde nínú báàgì, okùn rẹ̀ ti gbó, ó sì gbé e ka iwájú àlejò, lórí àwo ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, kí nìyí?"

"Tọ́ọ̀ṣì ni, Mà."

"Ti ta ni?"

Àlejò yẹ okùn rẹ̀ wò, bóyá á rí orúkọ.

"Ti Ambili ni. Inú ilé ẹni tó pa á ni wọ́n ti rí i. Ilé ẹjọ́ dá a padà fún mi. O fi ọdún méjì kọ̀wé nípa ẹ̀, o ò bi mí léèrè lọ́jọ́ kan ṣoṣo." Ó yíjú sí èrò. "Gbogbo ẹni tó bá jáde pẹ̀lú irú tọ́ọ̀ṣì yìí láàárọ̀ yìí, ẹ dìde."

Ẹnikẹ́ni kò mira.

"Ẹ dìde, mo ní!"

Ìjókòó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, wọ́n ń dìde. Ọkùnrin, obìnrin, wọ́n tó ogójì. Pappachan ló dìde kẹ́yìn, ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Pappachan, aago mélòó lo jáde?"

"Mẹ́ta, Ẹ̀gbọ́n."

"Àlè ta lo lọ bá?"

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Mo ní, àlè ta? Lissy, bàbá ẹ tó fi iṣẹ́ rọ́bà rán ẹ kọ́ṣẹ́ télọ̀, àlè mélòó ló ní? Àlejò ò mọ ilẹ̀, ó ṣìnà, mo gbọ́. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀yin onílẹ̀?"

Jayadevan tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe. "Ìyá, mi ò dá a sọ. Inú fáìlì ọlọ́pàá ni mo ti rí i."

"Mo mọ̀!" Ohùn rẹ̀ wá lọ sókè. "Ojú mi ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a ò rí Ambili, mo lọ sí oko. Igi mẹ́tàlélọ́gọ́rin ló ti sá, oje ṣì ń kán nínú wọn. Ìkẹrìnlélọ́gọ́rin, kò sí ọgbẹ́ lára ẹ̀. Mo sáré lọ sí tèṣọ́n. Mo ní, ẹni tó bá fẹ́ sá tẹ̀lé ọkùnrin, ṣé ó máa kọ́kọ́ sá igi mẹ́tàlélọ́gọ́rin? Wọ́n ní obìnrin tó ń jáde ní aago mẹ́ta, ọkùnrin ló bá lọ, kí n lọ sílé, ó máa padà wá. Wọn ò wá a. Oṣù tó tẹ̀ lé e, apànìyàn náà pa obìnrin kẹrin. Ó tún pa ìkarùn-ún. Irọ́ tó o tẹ̀ yìí, ọ̀gbẹ́ni, kì í ṣe irọ́ lásán. Ó ti pa èèyàn méjì rí. O wá fún un ní páálí pupa, o ní kó tún máa rìn kiri."

Tíì ti tutù nínú ife. Bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Ọdún méjìdínlógún ni ti ibí yìí fi sáré, ìdí àwo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni òótọ́ sì ti bá a.

"Ẹ má bínú," ni Jayadevan wí. "Tí a bá tún un tẹ̀, màá tún ibẹ̀ ṣe."

"Ìyẹn á pẹ́. Ọmọ ẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì."

Tíṣà Kunjappan dìde, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú funfun jáde, pẹ̀lú ewé ìwé kan tó mọ́. Ó wà lójú rẹ̀ pé ojú ń tì í, torí òun ló kọ́kọ́ ka ìwé náà tí kò sì sọ pé irọ́ ni. Ó ṣí ojú ìwé àádọ́rùn-ún, ó rán ewé náà mọ́ ọn lójú gbogbo èèyàn, ó sì ti ìwé náà síwájú àlejò.

"Ọwọ́ ara ẹ ni kó o fi kọ ọ́. Bhargavi, máa sọ, kó máa kọ."

Ó sọ, ó kọ. Kò ju ìlà mẹ́fà lọ: pé Ambili ń lọ síbi iṣẹ́, pé aago mẹ́ta ni gbogbo abúlé ń lọ síbi iṣẹ́, iye igi tó sá, ohun tí tèṣọ́n sọ, obìnrin kẹrin àti ìkarùn-ún. Jayadevan bu ọwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà, àwọn ogójì tó wà lórí ìdúró wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi orúkọ wọn sí i.

Nígbà tó kan Pappachan, ó fọwọ́ sí i tán, ó wá ṣí ẹ̀yìn ìwé. Ó gbé bíírò lé orí ọ̀rọ̀ tó kọ níjọ́sí, ó fẹ́ fà á rẹ́. Bhargavi gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Kí ọmọ náà má baà rí i."

"Á rí i. Ṣé o ò mọ òfin ibí ni? Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, Pappachan. Ẹni tó ń kó o kì í gbàgbé."

Remya dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó jókòó sídìí tábìlì gígùn láti aago mẹ́wàá títí oòrùn fi yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, Bhargavi jókòó tì í. Nígbà tó parí, ó ṣí ẹ̀yìn ìwé, ó ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Àyè tó kù kò tó ìka méjì, lábẹ́ ọ̀rọ̀ Pappachan. Ó kọ síbẹ̀ pé, "Mo ti ka gbogbo yín. Remya, ọmọ Ambili." Títí di òní, bó bá wálé, tí Pappachan sì kí i, ó máa ń wo ojú rẹ̀, á sì kọjá lọ.

Dubai ni mo wà lọ́dún náà, mo ń ru bíríkì. Lissy télọ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo dé, bó ṣe ń wọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi, kò sì yọ ohun tí òun alára kọ kúrò nínú ìtàn. Mo lọ wo ìwé náà fúnra mi. Ọ̀rọ̀ ìrẹsì tó jóná ṣì wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbàgàdà.