Oyin Dúdú Ìyá Wa àti Ìkòkò Onínú Tútù

Ẹ̀yin ará mi tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Bí ọ̀sán ló bá yín, ẹ kú ọ̀sán. Bí alẹ́ ni, ẹ kú alẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jí wa lónìí, tó sì kó iṣẹ́ tí ọwọ́ àwa àgbà kò ká lé ẹ̀dá kékeré tó ń fò lọ́wọ́. Òun ni mo fi ọ̀rọ̀ yìí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Skolastika ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jù mí. Àwa méjèèjì là ń gbé inú ilé tí ìyá wa fi sílẹ̀ fún wa ní etí àfonífojì, ní erékùṣù Gózò, níbi tí atẹ́gùn òkun ti máa ń fi iyọ̀ kun ojú fèrèsé. Ògiri òkúta kan wà lẹ́yìn ilé náà. Àwọn baba ńlá wa dá ihò mẹ́fà sí i lára, ìkòkò amọ̀ kan sì dùbúlẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó gùn tó apá, ó kọjú sí ìlà oòrùn. Oyin ni ń gbé inú wọn. Oyin dúdú ni, ó kéré, ó yára, inú rẹ̀ kì í sì í pẹ́ bí. Ìkòkò bẹ́ẹ̀ kò ṣe é tú wò bí àpótí onígi tí wọ́n ń lò báyìí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń gé afárá díẹ̀. Ohun tó kù nínú òkùnkùn rẹ̀, ọwọ́ Ọlọ́run la fi í sí.

Ìkòkò kẹta yàtọ̀. Hanina là ń pè é, ìyẹn ni pé aláàánú, onínú tútù. Bí òdòdó sagħtar, ewé olóòórùn dídùn tó ń hù lórí òkúta, bá tanná sórí òkè, tí òórùn rẹ̀ kún afẹ́fẹ́ títí ojú fi ń ṣe èèyàn bíi pé oorun ń bọ̀, ìyá wa máa ń jókòó sí ẹ̀bá ìkòkò yẹn, a máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti òkúta, oyin a sì máa rìn lọ rìn bọ̀ lórí ọwọ́ rẹ̀ láìta á. Níbẹ̀ náà ló ti sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí kò jí mọ́. Ọdún méjìlá nìyẹn. Nígbà tí a bá a, oyin mẹ́ta wà lórí ìlẹ̀kẹ̀ rósárì ọwọ́ rẹ̀, wọ́n dákẹ́ bí ẹni tó ń gbàdúrà.

Láti ọjọ́ náà ni Skolastika ti gba àga ìyá wa. Ó ń kọ orin ìrọ̀lẹ́ sí Hanina létí. Bí oyin Hanina bá sì pọ̀ tí ó fẹ́ ṣí lọ, ẹ̀gbọ́n mi a gbé ìkòkò òfìfo dè é, a sì fi ta ìyàwó tuntun lọ́rẹ.

Ó máa ń sọ fún wọn pé, "Gba èyí lọ, kí ilé rẹ lè tutù bíi tirẹ̀."

Kò fún ẹnikẹ́ni ní ọmọ ìkòkò márùn-ún tó kù rí. Ta ni í fi oró ta ìyàwó lọ́rẹ?

Grezzju aládùúgbò wa, tó ní ọkọ̀ ojú omi, a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Òun ní àpótí oyin onígi méjìlélógún ní òdìkejì òkè, oyin pupa rúsúrúsú tí bàbá rẹ̀ ti rà wá láti Ítálì lọ́dún tí àrùn pa oyin.

"Ẹ̀gbọ́n Skola," ni yóò wí, "oyin yín tún ta mí létí láàárọ̀ yìí. Ṣé àwọn kò mọ̀ pé mo ti ṣe ìrìbọmi ni?"

"Wọ́n mọ̀," ni Skolastika yóò fèsì. "Máàsì tí o kì í lọ ni wọ́n ń rán ọ létí."

Lẹ́yìn Àjíǹde ni ọmọbìnrin kan dé, Dókítà Stefanija, tó ń wá ìran oyin dúdú tó jẹ́ ti erékùṣù wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó mú ọgbọ̀n oyin nínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú ìgò kéékèèké. Ó ní nínú ara oyin ni àmì àjọbí wà, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò mọ ọmọ ẹni tí ó jẹ́. Ó ní lójú ọ̀run ni ayaba oyin ti ń bá ọkọ pàdé, kì í ṣe nínú ilé. Bí akọ oyin pupa bá wà lójú ọ̀run yẹn, ọmọ á di àdàlù, títí a ò fi ní rí ojúlówó mọ́. Nítorí náà ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ṣe fẹ́ kó ojúlówó oyin dúdú lọ sí Kemmuna, erékùṣù kékeré tó wà láàárín omi, níbi tí kò sí oyin mìíràn. Akọ tiwa nìkan ni yóò máa fò níbẹ̀. Wọn yóò kó àwọn ọmọdébìnrin ayaba lọ bá wọn nínú àpótí kéékèèké, kí ìran náà má bàa parun.

Ní ìparí oṣù kẹrin ó padà wá. A fi búrẹ́dì tí a fi tòmátò pa lára lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò tíì bù ú jẹ tó fi ní, "Màmá, ìkòkò márùn-ún jẹ́ ojúlówó. Nínú gbogbo abúlé yìí, àwọn nìkan ló kù."

"Mẹ́fà ni," ni Skolastika wí.

"Ìkẹta kì í ṣe tiyín mọ́, Màmá. Ẹ̀jẹ̀ oyin Ítálì pọ̀ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ìkòkò tí ẹ fi ta àwọn ìyàwó lọ́rẹ."

"Ọmọ mi, ẹnikẹ́ni kò ṣí ìkòkò yẹn rí."

"Ẹnikẹ́ni kò ṣí i lóòótọ́. Ayaba ló jáde fò, ó bá àwọn akọ ti bàbá Grezzju pàdé. Ibẹ̀ ni inú tútù yẹn ti wá."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú wo àga ìyá wa. Stefanija wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ èyí tó le jù: wọn yóò ní láti mú ayaba Hanina kúrò, kí wọ́n fi dúdú rọ́pò rẹ̀. Nítorí ìkòkò kò sì ṣe é tú, àfi kí wọ́n fọ́ ọ.

Lẹ́yìn tó lọ tán, Skolastika ní, "Lora, ṣé oyin àlejò ló ń rìn lọ́wọ́ ìyá wa lọ́jọ́ yẹn?"

Mo pọn omi sínú àwokòtò fún àwọn oyin, mo sì padà wọlé.

Ní ọjọ́ tí a ó rékọjá, ìkùukùu funfun bo òkun, kò sí ààlà láàárín omi àti ọ̀run. Stefanija ti fi ẹfun kọ nọ́ńbà sára ìkòkò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti fi aṣọ tútù dí ẹnu wọn. Grezzju ń kó wọn sínú ọkọ̀ rẹ̀, márùn-ún péré. Bí mo ti bẹ̀rẹ̀ láti di okùn mú, mo rí i pé ẹfun ìkòkò tí wọ́n kọ márùn-ún sí ṣì tutù, ẹfun sì wà létí aṣọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ ibi tí etí ẹnu ìkòkò yẹn ti fọ́ díẹ̀ bí mo ti mọ eyín mi. Hanina ni. Ìkòkò karùn-ún wà nílé nínú ihò kẹta, ó ń retí ẹni tí yóò fọ́ ọ.

Mo wo Skolastika. Ó wo òkun.

Ọkọ̀ gbéra. Ìkùukùu gbà wá mọ́ra bí aṣọ àlà, ohùn ẹ̀rọ pàápàá sì dà bíi pé láti inú oorun ẹlòmíràn ló ti ń wá. Ó ń ṣe mí bíi pé a kò kúrò lójú kan, pé erékùṣù ló ń rìn wá bá wa. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo gbọ́ àwọn ìkòkò. Mẹ́rin ń ké kíkan, bí ìjọ tí inú ń bí. Ọ̀kan ń kùn jẹ́jẹ́.

Mo rántí ọba inú ìwé mímọ́ tí Ọlọ́run ní kó pa gbogbo ẹran ọ̀tá run, tó dá àwọn àgùntàn tó sanra sí, tó sì sọ fún wòlíì pé òun ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán, àmọ́ tí àgùntàn ń ké lẹ́yìn rẹ̀. N kò lè fẹjọ́ ẹ̀gbọ́n mi sùn. N kò sì lè dákẹ́.

Mo tẹ̀ síwájú, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ ná. Ó ń ṣe mí bíi pé àgùntàn kan ń ké nínú ọkọ̀ yìí."

Grezzju rẹ́rìn-ín. "Lora, òkun ti kó sí ọ lórí. Oyin ni mo gbé, n kò gbé àgùntàn."

Skolastika kò rẹ́rìn-ín. Ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kan náà la jọ lọ, òun ló sì kọ́ mi ní ìtàn yẹn. Ó bojú wò mí tìbínú-tìbínú, ó sì gbé ojú rẹ̀ kúrò. Ó fi etí lé ìkòkò náà bí ìyá wa ti máa ń ṣe. Kò gbé orí sókè títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀.

Ní Kemmuna, ìkùukùu ti ká. A to àwọn ìkòkò sábẹ́ òkúta, Stefanija sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ ẹnu wọn. Ó tú ìkínní, ó tú ìkejì. Oyin dúdú rọ́ jáde, wọ́n sì ta Grezzju lọ́rùn. Ó tú àwọn méjì mìíràn. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan aṣọ ìkarùn-ún, Skolastika di ọwọ́ náà mú.

"Má ṣí ìyẹn, ọmọ mi. Mo purọ́ fún ọ. Onínú tútù ni."

Ẹ̀rù ba Stefanija. Ó wo ìkòkò náà, ó wo ojú ọ̀run òfìfo tó wà lókè wa. "Màmá, bí ẹ bá ti jẹ́ kí n ṣí i, àwọn akọ rẹ̀…"

"Mo mọ̀. Mo rò pé bí mo bá fi í sílẹ̀, ìyá mi ni mo fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta èèyàn wọ̀nyí gan-an ni ìyá mi fi lé mi lọ́wọ́. Èmi ni mo ń ṣá wọn tì nítorí oró wọn." Ó gbé ọwọ́ lé Hanina. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́ ìkòkò náà."

Grezzju ló dá a lóhùn, ó ń fi ọwọ́ ra ọrùn rẹ̀. "Ẹ gbé e fún mi. Àárín àwọn ìbátan rẹ̀ ni yóò wà lọ́dọ̀ mi, ta ni yóò bá a jà? Bàbá mi ló sáà bí i. Ẹ̀gbọ́n Skola, àga kan wà lẹ́yìn ilé mi. Ẹ máa wá kí i ní ọjọ́ ìsinmi."

"Lẹ́yìn máàsì," ni Skolastika wí. "Ìwọ ni yóò sì wá mú mi láti ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ wò ó," ni Grezzju wí fún mi, "mo ṣe oore kan, wọ́n ti rán mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Stefanija mí kanlẹ̀. Ó gbà, ó ní Hanina kò gbọdọ̀ bí ìkòkò mìíràn mọ́, àti pé ìkòkò karùn-ún yóò rékọjá lọ́la. Hanina bá Grezzju padà sílé pẹ̀lú aṣọ tútù lẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà a padà sí Kemmuna. Àwọn ọmọdébìnrin ayaba ti wà nínú àpótí kéékèèké, a kun ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀dà tirẹ̀ kí wọ́n má bàa ṣi ilé wọ̀. Ọ̀sán gbóná, òkun ń tàn yanran, òórùn sagħtar sì ń mú kí ohun gbogbo máa rọra mì. Láti inú àpótí aláwọ̀ búlúù ni ayaba kan ti jáde. Ó yí ká lẹ́ẹ̀mejì níwájú ilé rẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ojú ọ̀nà sórí, ó sì gòkè lọ sínú ìmọ́lẹ̀ títí ojú wa kò fi rí i mọ́.

A dúró. Stefanija ń wo aago. Skolastika ń ka rósárì nínú ara rẹ̀, àwọn oyin dúdú sì ń kọlù ú níwájú orí, ó jókòó jẹ́jẹ́. Èmi náà gbàdúrà. Mo rò ó pé ní gbogbo ayé, ojú ọ̀run kékeré tó wà lókè òkúta yìí nìkan ni ìran yìí kù sí.

Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún kọjá kí ó tó padà. Ó bà sẹ́nu ọ̀nà, okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà ní ìdí rẹ̀, àmì pé ó ti rí ọkọ.

Oyin kan ti ta ẹ̀gbọ́n mi ní ìpéǹpéjú, ojú kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán. Ó fi èyí tó kù wo ayaba náà bó ti ń wọlé.

"Ọmọ wa ni," ló wí, ó sì bọ̀wọ̀ fún un bí ẹni tó ń kí ìyàwó ilé.

Ìwọ tó ka ìtàn yìí dé ibí, kí Olúwa pa ohun tí àwọn òbí rẹ fi lé ọ lọ́wọ́ mọ́, àti èyí tó dùn àti èyí tó ń ta. Kí Ó fún ọ lágbára láti jọ̀wọ́ ohun tó yẹ kí o jọ̀wọ́, kí Ó sì fi aládùúgbò rere gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ìran rẹ kò ní parun. Àmín.