Àwo Kan, Fọ́ọ̀kì Kan

Tòmátì tútù, àlùbọ́sà tútù, wàrà tútù, tí iná ò fojú kàn rárá: ẹ gbà mí o, ṣé oúnjẹ ọmọ èèyàn nìyẹn? Ohun tí Sakinatou sọ nìyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó rí i nílé ọ̀gá rẹ̀, Mùsé Kósítà, díẹ̀ ló sì kù kó dà á fún ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wá wò ó, lọ́dún keje tí Kósítà ti kúrò ní Tchaourou, ìlú wa ní ilẹ̀ Benin, Sakinatou yìí kan náà ló fi odindi ọjọ́ mẹ́ta ṣe wàhálà lórí oúnjẹ ewúrẹ́ ọ̀hún. Ayé mà ń yí o.

Ganiou ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin, ló mú ìròyìn náà wálé lọ́jọ́ Àlàrùbá.

"Ìyá Wassiou, Kósítà ti dé Cotonou. Yóò bá ọkọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta gòkè wá. Ó ní òun fẹ́ fojú kan ìlú lẹ́ẹ̀kan sí i, kí òun tó darúgbó jù."

"Ṣé ó ní kí wọ́n kí mi?"

"Ó ní kí wọ́n kí gbogbo ará ìlú."

Sakinatou tún ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́kàn rẹ̀. Gbogbo ará ìlú! Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tí òun fi dáná fún un, kò dárúkọ òun. Ó mọ ìdí ẹ̀, ohun tó sì ń bà á lọ́kàn jẹ́ gan-an nìyẹn.

Gíríìkì ni Kósítà, òyìnbó tí kì í ṣe Faransé. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ nígbà náà, níbi tó ti ń ta iyọ̀, ṣúgà, aṣọ àti epo fìtílà. Kò níyàwó, kò bímọ. Láàárín ọ̀sẹ̀, iyán ló ń jẹ bí ọmọ onílé, ọwọ́ ló sì fi ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀, bí àwọn èèyàn bá ti kírun tán, òun fúnra rẹ̀ ló ń wọ ilé ìdáná. "Oúnjẹ ìyá mi la ó jẹ lónìí," ni yóò wí, ojú ẹ̀ á sì rọ̀ wọ̀ọ̀.

Tòmátì, àlùbọ́sà, àti apálá gígùn tí àwọn ará Faransé ń pè ní kọ̀ńkọ́ńbù. Èso dúdú inú agolo tó ń jẹ́ ólífì, òróró ólífì, ewé gbígbẹ kan tó ń ta sánsán, àti wàrà funfun oníyọ̀ ìlú wọn. Nígbà tí agolo wàrà náà ò dé mọ́, Sakinatou ló sọ pé, "Kí ló ṣe wàrà Fúlàní?" Wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, Kósítà tọ́ ọ wò, ló bá rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ ògiri, ó ní ó kéré tán, ìbátan ni wọ́n. Ólífì náà tán, wọ́n wá ń fi èso oríńlá rọ́pò rẹ̀, èso dúdú tí àwọn ọmọdé ń ṣà lábẹ́ igi. Adùn èyí ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹ́ náà.

Ìjà kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn ni ti pátákó. Kósítà ní orí pátákó ni wọ́n ń gé tòmátì. Sakinatou ní irọ́ ni, ṣé igi ni òun fẹ́ là ni? Àtẹ́lẹwọ́ ni ìyá òun fi ń gé e, àtẹ́lẹwọ́ ni ìyá ìyá òun fi gé e. Kósítà á pariwo pé o máa ge ìka ẹ! Sakinatou á máa gé e lọ ní tirẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, tòmátì á sì máa já sínú àwo, ńlá, kékeré, wọ́gọwọ̀gọ.

Àwo kan ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Mo tún un sọ, àwo kan, fọ́ọ̀kì méjì, lábẹ́ ìbòòji ẹ̀yìn ilé, lójú gbogbo ayé. Ganiou gan-an mọ̀, ó máa ń yà níbẹ̀ nígbà mìíràn, á sì sọ wàrà kan sẹ́nu. "Iyọ̀ ẹ̀ ti pọ̀ jù," ni Kósítà máa ń wí ní gbogbo Jímọ̀ tí Ọlọ́run dá. "Ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀," ni Sakinatou máa ń dá a lóhùn. Wọ́n á wá fi búrẹ́dì nu omi ìsàlẹ̀ àwo, wọ́n á sì du èyí tó bá kẹ́yìn bí ọmọ ìyá méjì.

Rẹfolúsíọ̀n dé, ìjọba àwọn sójà tó ní gbogbo èèyàn dọ́gba. Gbogbo wa di kàmáráàdì, àti ẹni tó fẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù Kósítà pa, wọ́n sì pe ìpàdé sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ibùdókọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí nílùú ló ń darí ìpàdé. Ó ní kí Sakinatou dìde.

"Kàmáráàdì, ọdún mọ́kànlá lo fi dáná fún òyìnbó yìí. Ṣé o ti jókòó bá a jẹun rí?"

Sakinatou wo ọkọ rẹ̀. Ganiou wà nínú aṣọ iṣẹ́, ó ń wolẹ̀. Wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé ẹni tó bá bá àwọn olówó ṣọ̀rẹ́, kó má ronú iṣẹ́ ìjọba mọ́. Ọmọ mẹ́rin ló ń bẹ nílé.

"Rárá o," ó ní. "Mi ò bá a jẹun rí."

Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́. Raliatou, aládùúgbò rẹ̀, ló pa tiẹ̀ kíkan jù. Kósítà, tó gbọ́ Nàgó, Yorùbá ìhà ọ̀dọ̀ wa, bí ẹni tí wọ́n bí sí ìlú Bétérou, dúró níbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó tún un dé. Ọkọ̀ ọjọ́ kejì ló bá lọ. Sakinatou gbọ́ fèrè ọkọ̀ náà nínú yàrá tó jókòó sí, kò sì jáde.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ ti gbàgbé kó tó di ọ̀la. Òun ò gbàgbé. Bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán báyìí, àárò ẹ̀yìn ilé yẹn á máa sọ ọ́ títí omi á fi gba ojú ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tòmátì tútù ò kan ẹnu rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà ló ṣe sáré lọ bá Fatoumata, obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà, lọ́jọ́ tó gbọ́ ìròyìn yẹn gan-an. "Má fi pòpórò ọkà pa á láró pupa o. Funfun ni mo fẹ́." Ó rẹ wàrà sínú omi iyọ̀. Ó ra kọ̀ńkọ́ńbù méjì nínú ọgbà ilé ìwé, torí lásìkò náà, gbogbo ilé ìwé ló ń dáko. Òróró ólífì ò sí, ó fi òróró ẹ̀pà sí i. Ewé tó ń ta sánsán ò sí, ó sá ẹfinrin gbẹ. Ó wò ó, ó ní, "Kò jọ ti ìyá ẹ̀ rárá."

Ganiou ń wò ó bó ṣe ń gé tòmátì. "Ọ̀rọ̀ ò tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Bẹ ọkùnrin náà, kó tán."

"Nítorí ta ni mo ṣe sọ ọ́? Ṣé kì í ṣe nítorí iṣẹ́ yín ni, Bàbá Wassiou?"

Ganiou jókòó tì í. "Mo mọ̀," ó ní. "Mi ò fìgbà kan dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

Ọkọ̀ pẹ́. Ìgbà tí wọ́n kírun Àsárì tán ni Kósítà tó wọ àgbàlá wọn, ó ti rù, irun ẹ̀ funfun báláú, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì tẹ̀ lé e bí ìgbà téèyàn ń sin ìyàwó. Sakinatou kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Mùsé."

"Ìyá Wassiou," ni ohun tó sọ.

Ó rí àlùbọ́sà tí wọn ò tíì gé. Ó jókòó lórí àpótí, ó mú ọ̀bẹ, ó gbé àlùbọ́sà sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń gé e, wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ẹ ò béèrè pátákó?" Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu Sakinatou kó tó mọ̀.

"Pátákó kẹ̀? Ọdún méje ni mi ò ti lò ó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń pariwo lé mi lórí nílé pé màá ge ìka mi." Kò rẹ́rìn-ín, kò gbójú sókè.

Ẹ̀rù ò tíì kúrò lára Sakinatou. Ó gbé àwo sórí tábìlì nínú yàrá, ó gbé búrẹ́dì sí i, ó sì to fọ́ọ̀kì kan ṣoṣo. Ta ni òun tí òun á to méjì? Ó sún mọ́ ògiri, ó dúró bí ọmọ ọ̀dọ̀. "Ẹ jẹun, Mùsé."

Kósítà wo fọ́ọ̀kì náà títí.

"Ọ̀kan ṣoṣo," ó ní. "Òótọ́ ni, mo ti gbàgbé. O ò bá mi jẹun rí."

Ganiou wúkọ́. Raliatou, tó ti yọjú sẹ́nu ọ̀nà, yára gbé ojú kúrò. Ojú ti Sakinatou débi pé kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí.

Kósítà wá fi ọ̀pá rẹ̀ ti àga kejì síwájú. "Ó dáa. Lọ mú fọ́ọ̀kì ẹ wá. Ká bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Sakinatou bú sẹ́kún, kò tilẹ̀ fi pamọ́. Ó mú fọ́ọ̀kì wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jókòó. Àwo ló gbé.

"Ẹ dìde, Mùsé. Kì í ṣe ibí."

"Níbo wá ni?"

"Ibi tí mo ti sọ ọ́."

Ganiou mọ̀ pé rẹfolúsíọ̀n ò tíì lọ síbì kan, iṣẹ́ òun náà sì lè tìtorí èyí bọ́. Ó gbé tábìlì rù, ó ṣíwájú.

Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ibùdókọ̀ ni wọ́n gbé e sí. Àwọn alárù dúró, àwọn oníṣu dúró. Sakinatou jókòó, ó fi fọ́ọ̀kì gún tòmátì, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ níṣojú gbogbo wọn.

"Ìyá Wassiou, tútù báyìí?" ni ẹnì kan béèrè.

"Tútù báyìí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá a jẹ ẹ́ nínú àwo kan. Irọ́ ni mo pa fún yín lọ́jọ́sí."

Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Kósítà fi búrẹ́dì nu omi ìsàlẹ̀ àwo, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó dijú díẹ̀.

"Iyọ̀ ẹ̀ ti pọ̀ jù," ó ní.

"Ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀," ni Sakinatou dá a lóhùn.