Ariwo Karate Nínú Yàrá Wa

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ọkùnrin tó ń ṣe karate kò rọrùn láti fẹ́. Láti ọdún tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún, tí gbogbo ọ̀dọ́ Mushin ń ta ẹsẹ̀ sókè bí wọ́n bá ti ti sinimá dé, Sùnmọ́nù ọkọ mi kò jẹ́ kí n gbádùn oorun àárọ̀ mọ́. Bó bá ti kírun àsùbáà tán, yóò ti bẹ́ẹ̀dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, yóò sì bẹ̀rẹ̀ wàhálà rẹ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo tí a rẹ́ǹtì. Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn ní Surulere ti sọ pé ẹni tí kò bá ṣe é nílé, kó má wulẹ̀ wá sí kíláàsì.

Yóò kọ́kọ́ fo okùn títí ilẹ̀ yóò fi máa mì. Yóò dojú bolẹ̀, yóò fi ìkúùkù ti ara rẹ̀ sókè. Yóò gbé ọmọ odó mi lé èjìká, yóò máa lóṣòó, yóò máa dìde. Lẹ́yìn náà ló kan àpò àkísà tó so mọ́ igi àjà: gbì, gbì, gbì. Gbogbo ìpá tó bá ta ló ń fi “Háì!” tẹ̀lé. Èmi ni mo máa ń jókòó lé e lẹ́sẹ̀ nígbà tó bá nà gbalaja tó ń dìde, tí mo tún ń bá a kà á. Mo ń ráhùn o, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Mo fẹ́ràn bí ojú rẹ̀ ṣe ń sún mọ́ tèmi nígbàkígbà tó bá dìde.

Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n mọ ariwo yìí. Ìyá Lateefat, tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwa, kò ní aago. “Háì” àkọ́kọ́ ló fi ń dáná.

Wẹ́dà ni Sùnmọ́nù ní iléeṣẹ́ kan ní Ijora. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sí Kàdúná. Ó ní kí n fara balẹ̀, òun ń bọ̀ wá ṣe Iléyá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Oorun tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún, mo rí i, n kò lè sùn ún. Àárò rẹ̀ sọ mí débi pé mo dìde, mo ti bẹ́ẹ̀dì, mo wọ ṣòkòtò karate tó fi sílẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nìyẹn, ní bòókẹ́lẹ́, tí mo ń rọra ta àpò náà kí ará ilé má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, bí mo bá lóṣòó tán, àtidìde á di ìjà. Nígbà tí oṣù Iléyá fi lé, ọmọ odó kò wúwo mọ́. Mo fẹ́ kó wá rí i. Mo fẹ́ kí òun náà jókòó lé mi lẹ́sẹ̀.

Ọdún ku ọ̀la ni Àkàngbé, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ti Kàdúná dé.

“Ìyàwó wa, ẹ kú ọdún o. Sùnmọ́nù ní kí n kí yín. Kò rí lívù gbà. Ó ní kẹ́ ẹ má bínú, ó di ọdún Ààwẹ̀.”

“Kò burú,” ni mo wí. Ó burú.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, gbogbo ilé ń wẹ̀, wọ́n ń múra yídì. Inú ń bí mi, n kò rọra mọ́. Mo ta àpò náà bí ẹni pé òun ló gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi. Mo pariwo “Háì!” bó ṣe máa ń ṣe é gan-an. Ẹkún tí mo sun mọ́jú ti há mi lóhùn, ó dún bíi ti ọkùnrin.

Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Sùnmọ́nù ti dé!” Ìyá Lateefat ló ń pariwo. “Káàbọ̀ o! O ò tiẹ̀ rest kó o tó start wàhálà ẹ!”

“A dúpẹ́ o, ó bá wa ṣọdún!” Bàbá Oyèwọlé, onílé wa, nìyẹn.

Mo gbàgbé pé èmi ni mo ń pariwo. Mo sáré ṣílẹ̀kùn, mo rò pé ọ̀dọ̀ wọn níta ló wà.

Wọ́n dúró síbẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu wọn, Ìyá Lateefat gbé omi tútù tí a fi ń pàdé ẹni tó ti ìrìn àjò dé lọ́wọ́. Gbogbo wọn ń wo ẹ̀yìn mi, wọ́n ń wá a nínú yàrá. Èmi náà yíjú padà, mo ń wá a.