Wákàtí Mẹ́rìnlá Lójú Òfurufú

Kò sí irọ́ tí aṣọ lè pa fún alágbàfọ̀ yìí. Ogún ọdún ló ti ń fọ aṣọ oníbàárà, tó ń lọ̀ ọ́. Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wọlé láti ìlú ọ̀kèèrè tó ti lọ ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́fà, ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ ni ojú ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ bà lé.

"Wákàtí mẹ́rìnlá gbáko ni mo fi jókòó sínú bàálù," àbúrò ń sọ fún ìyá wọn. "Gbogbo ara ló ń ro mí."

Ìyá ń kí i pẹ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n ń wo ṣòkòtò. Ó yẹ kí ẹ̀yìn orúnkún ṣòkòtò yẹn ti hunjọ bí ojú arúgbó, àmọ́ kò rún ju ti ẹni tó lọ kí ará àdúgbò lọ.

"Ṣòkòtò yìí náà lo wọ̀ láti ọ̀hún?"

"Òun náà ni. Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Kò sí nǹkan."

Àmọ́ ara ti ń fu ú.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú bàálù wá gba yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Alágbàfọ̀ ń ká aṣọ náà, ó bi í bí ẹni ń ṣeré, ìgbà wo ni bàálù ìlú ọ̀kèèrè yẹn máa ń balẹ̀.

"Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì nìkan, mà. Ọ̀nà yẹn jìn, ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kìlómítà lọ."

"Kì í balẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé?"

"Rárá o. Ìlú etíkun nítòsí yìí nìkan ni tọ̀sán Ajé ti ń wá. Wákàtí kan péré."

Ọwọ́ alágbàfọ̀ dúró lórí aṣọ. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá wọn, àbúrò ní ọ̀nà jìn jù, òun ò lè wá. Alágbàfọ̀ nìkan ló ń gbé ìyá lọ sí ọsibítù, tó ń gbé e bọ̀.

Nígbà tó délé, ó bá àbúrò rẹ̀ ní ilé ìdáná.

"Ìgbà wo lo ti wà ní ìlú etíkun?"

Àbúrò gbé ife ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Oṣù mẹ́jọ. Wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́hùn-ún. Ojú ló ń tì mí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ojú ń tì ọ́, o wá sọ wákàtí kan di mẹ́rìnlá? Ìyá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó ń béèrè rẹ! Lọ fi ẹnu ara rẹ sọ fún ìyá."

Ó lọ sọ. Ìyá ò pariwo. Ó wò ó títí, bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí.

"Wákàtí kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé òótọ́ lo ń gbé ibẹ̀?"

"Òótọ́ ni, mà."

"Màá fi ojú ara mi rí i."

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ bàálù lọ sí ìlú etíkun. Lóòótọ́, yàrá wà níbẹ̀: bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, fèrèsé tí ò ṣeé pa dé. Ìyá wo inú yàrá kiri, ó jókòó sórí àga náà, ó sì ní òun ò tíì ń lọ, òun á dúró ti ọmọ òun. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló padà sílé. Títí dòní, kò tíì lè sọ pé òun ti dárí ji àbúrò rẹ̀.